Ẹ̀rọ Òyìnbó Mi àti Ọparun Làmídì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí ọjọ́ alẹ́ mi. Bí mo bá rántí rẹ̀ lórí ìjókòó, mo máa ń wo abẹ́ bàtà mi kí n tó dìde. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì ń pa gbogbo wa bí ọtí. Ìsọlọ̀ ni mo ń gbé, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ni mo ti ń jẹun. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ò sì ju kí n máa fi òróró pa ẹ̀rọ lójú lọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ wá wò mí ní òpin ọ̀sẹ̀! Irun mi kún dìgbò, ṣòkòtò láàbù mi fẹ̀ lẹ́nu gbàgẹ̀rẹ̀, bàtà gàràǹtí sì wà lẹ́sẹ̀ mi, èyí tó ga débi pé mo ní láti tẹrí ba kí n tó lè wọ yàrá ara mi. Gbogbo ará ilé ń pè mí ní Ẹnjiníà. Èmi náà ò bá wọn jiyàn.

Òyìnbó kan wà ní ilé iṣẹ́ wa nígbà yẹn. Eré tí òun máa ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú ni pé kó gbé ẹ̀rọ kan tó ní ọ̀pá gígùn, tó ní awo pẹrẹsẹ nídìí, kó máa jù ú síwá sẹ́yìn lórí pápá. Bí irin bá wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ náà á ké. Òyìnbó á kúnlẹ̀, á fi ọ̀bẹ wú ilẹ̀, á yọ ọ̀nínì àtijọ́ kan tó ti dípẹtà, inú rẹ̀ á sì dùn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Òun ló kọ́ èmi àti Làmídì ní eré náà. Làmídì ni ọ̀rẹ́ mi tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó ń tún rédíò ṣe ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́bàá ojú irin ní Oṣòdì, mo sì fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ.

Nígbà tí òyìnbó ń padà sí ìlú rẹ̀, èmi ni mo ra ẹ̀rọ náà. Owó tí mo kó lé e lórí, máṣíìnì ìránṣọ tí mo ti ṣèlérí fún àbúrò mi, Àbẹ̀kẹ́, ló yẹ kó rà. Mo sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé kó ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Kò ráhùn. Ó ní kò burú, irun tí òun ń dì fún àwọn obìnrin àdúgbò ti ń mówó ọbẹ̀ wá.

Làmídì kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ó wá ọparun kan, ó wé wáyà bàbà sí ìdí rẹ̀ bí òṣùká, ó so rédíò kékeré kan tí oníbàárà rẹ̀ pa tì mọ́ òkè rẹ̀. Bó bá ń gbé e kiri, rédíò náà á máa súfèé. Bí ìdí rẹ̀ bá kọjá lórí irin, ìfé náà á yí ohùn padà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo ní, "Làmídì, ṣé ẹja lo fẹ́ fi pa ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí pápá ná."

A jọ lọ. Ó rí ọ̀nínì, ó rí tọ́rọ́, ó tún rí bọ́tìnì aṣọ sójà ayé àtijọ́. Èmi rí ìdérí ìgò bíà. Mo ní ilẹ̀ ọ̀dọ̀ mi ni kò dára. Mo wá kì í nílọ̀ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, kó lọ fi ọparun rẹ̀ ṣọgbà. Ó mi orí, ó ní, "Owó ló pa á lóòótọ́, Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu la fi ń tọ́ ọ wò." Mo rò pé ìlara ló ń ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ri oríṣiríṣi irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, tí mo ń fi wọ́n dán ẹ̀rọ mi wò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé tí mò ń wí yìí, mo lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n ń la títì ńlá tó gba Oṣòdì kọjá nígbà yẹn, ọ̀dà gbígbóná sì wà káàkiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí mo ṣe ń wo ojú ọmọge kan tó ń kọjá, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti wọ inú ọ̀dà. Mo fi òkúta họ ọ́ títí, kò họ. Mo bá wọ́ bàtà náà délé bẹ́ẹ̀.

Mo bá Àlàájà, ìyá onílé wa, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé. Àbẹ̀kẹ́ ń dirun fún un. Àlàájà ti bọ́ yẹtí wúrà tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà, ó kó méjèèjì sórí aṣọ ìnujú lórí itan rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ó ní, "Ẹnjiníà, ibẹ̀ yẹn lo ti ń kí mi? Ṣé mo ní àrùn ni? Sún mọ́bí jàre."

Mo sún mọ́ ọn, mo tún un kí dáadáa. Bí mo ṣe ń dìde ló rí ẹsẹ̀ mi. Ó na ọrùn síwájú, ó pariwo pé, "Ọ̀dà rèé! Má fi tẹ pèpéle mi o!" Mo bẹ̀ ẹ́, mo gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, mo wọlé lọ jẹ búrẹ́dì mi.

N kò tíì jẹ ẹ́ tán tí mo gbọ́ ariwo. Yẹtí kan ṣoṣo ló kù lórí aṣọ ìnujú. Wọ́n gbọn ìró, wọ́n gbọn gèlè, wọ́n tú irun tí wọ́n ti dì dé ìdajì, wọ́n fi ọwọ́ yẹ iyanrìn wò. Wọn ò rí i. Ìyá Bósè, tó ń gbé yàrá iwájú, tí kò sì sí ìjà tí kì í bá wọn dá sí, ló kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn yòókù ń rò.

Ó ní, "Èèyàn méjì péré ló wà lábẹ́ igi. Ẹni tó ni yẹtí ò sì lè jí i."

Àlàájà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó wo Àbẹ̀kẹ́ títí. Ó ní, "Mi ò pè ọ́ lólè o. Àmọ́ tí wọ́n bá pe ìrun alásàárì ní agogo mẹ́rin, tí yẹtí mi ò tíì yọjú, àgọ́ ọlọ́pàá la ti máa parí ẹ̀."

Omi ń bọ́ lójú Àbẹ̀kẹ́ sórí òòyà tó mú lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ìyá wa ló fà á lé mi lọ́wọ́ láti Ìṣẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó ń gbé orí fún un sì rèé, gbogbo wọn ti ń yọjú láti ojú fèrèsé. Onídìrí tí wọ́n bá pè ní olè, ta ni yóò tún jókòó fún un?

Mo wú àyà. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀! Ẹ̀rọ òyìnbó wà nílé. Kẹ́ ẹ tó mu omi tán, ó ti rí i."

Mo gbé e jáde, mo fi ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ dé etí, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ó ké. Mo yọ̀, mo gbẹ́ ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún ké. Mo gbẹ́, mo rí ìṣó. Mo gbé ẹsẹ̀ mìíràn, ó ké, mo gbẹ́, ilẹ̀ ṣófo. Nígbà tó fi di agogo kan, ẹ̀yìn ilé ti rí bí oko ẹ̀gẹ́ tí òkété wọ̀. Òógùn ń wọ̀ mí lójú.

Ìyá Bósè ní, "Ẹnjiníà, ṣé kànga lẹ kúkú fẹ́ gbẹ́ fún wa ni?"

Mo ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí mo bá ju ẹ̀rọ náà sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ mi ló máa ń ké jù. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìṣó bàtà mi ló ń gbọ́, nítorí ẹ̀rọ tó bá dára, kò sí ohun tí kì í gbọ́. Ẹni tó lọ́gbọ́n á ti bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé, ìtìjú rẹ̀ sì ti tán lára mi báyìí: ènìyàn kúkúrú ni mí. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí gàràǹtí náà, ṣòkòtò láàbù mi á di ìgbálẹ̀, gbogbo ilé á sì mọ ibi tí mo ga dé. Mo fi bàtà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo ń bá wíwá lọ. Agogo méjì kọjá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó lu mẹ́ta, ẹ̀rọ náà figbe ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò igi máńgòrò. Igbe yìí yàtọ̀. Mo bẹ́ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́ ẹ. Gbogbo ilé kóra jọ. Àbẹ̀kẹ́ pàápàá súnmọ́ mi, ó ń gbàdúrà lábẹ́nu. Ọwọ́ mi kan aṣọ. Mo fà á jáde. Àkísà pupa ni, wọ́n fi òwú dì í gbàgìrì. Ara ti ń yá mi, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo já òwú, mo tú àkísà níwájú gbogbo wọn.

Àgádágodo ni. Ó sì wà ní títì pa.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún yín. Ìyá Bósè ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó gbójú sókè. Àlàájà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyanrìn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti pé ọdún mẹ́ta nílé ọkọ, kò sì tíì gbọ́ ìró oyún.

Ó fi ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ta ló ti ọmọ mi pa? Ta ni mo ṣẹ̀ nínú ilé yìí?"

Ìyá Bósè kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Lábẹ́ igi yẹn náà ni onídìrí máa ń jókòó sí lójoojúmọ́!"

Mo wo àkísà náà. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wù mi àtijọ́ ni. Èmi fúnra mi ni mo ri àgádágodo náà mọ́ ibẹ̀ ní bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn láti fi dán ẹ̀rọ wò, mo sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Bí mo bá dákẹ́, orí Àbẹ̀kẹ́ ni yóò bọ́ sí, olè àti àjẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Mo ní, "Màmá, èmi ni mo rì í."

Àlàájà ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi dán ẹ̀rọ wò ni, Màmá."

"Aṣọ pupa ńkọ́?"

"Kó má baà dípẹtà ni."

"Òwú ńkọ́?"

"Kí aṣọ má baà tú ni."

"Kí ló dé tó o tì í pa?"

Mo ní bí mo ṣe bá a nìyẹn.

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà?"

"Ó ti sọnù, Màmá."

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló máa gba irú ẹjọ́ yìí gbọ́? Wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ẹnì kan ní kí wọ́n má jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀, ẹlòmíràn ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó lè jẹ́ òun gan-an ni oògùn. Mo dúró láàárín àwọn ihò tí mo gbẹ́, mo ń wò bí ẹran iléyá.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Làmídì ti ìsọ̀ dé, tó ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n sọ fún un. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo rántí gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti fi ọparun rẹ̀ ṣe, mo sì mọ̀ pé bó bá kàn dákẹ́, mo gbé.

Ó ní, "Àlàájà, ojú mi ni Ẹ̀gbọ́n ṣe rì í. Mo tiẹ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá aṣọ mìíràn, wọ́n ní ẹni tó ní ọparun ò lè kọ́ àwọn."

Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu.

Àlàájà mí kanlẹ̀. Ó ní Làmídì ò purọ́ fún òun rí. Ṣùgbọ́n yẹtí ńkọ́? Oòrùn ti ń yí. Làmídì wọlé, ó gbé ọparun rẹ̀ jáde. Ó bọ́ sálúbàtà, ó bọ́ aago ọwọ́, ó tú bẹ́líìtì. Ó bẹ Àlàájà pé kó yá òun ní yẹtí kejì. Ó gbé e lé ilẹ̀, ó fi ọparun kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ojú, ó ń tẹ́tí sí ohùn tí rédíò ń sọ. Èmi tí mo ti ń wá láti àárọ̀, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé kí n kọ́kọ́ béèrè bí ohùn wúrà ṣe ń dún.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Àlàájà jókòó sí, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìfé náà lọ sókè.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún díẹ̀."

Mo sún. Ohùn náà bá mi sún. Mo tún sún, ó tún tẹ̀ lé mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ bàtà yín."

Mo ní, "Ìṣó ni! Ṣé o ò mọ̀ pé bàtà máa ń ní ìṣó?"

"Ìṣó kọ́. Ìṣó wà nínú méjèèjì, ìfé wọn ò sì rí báyìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ló ń sọ̀rọ̀ wúrà."

Ní àkókò náà gan-an ni ohùn ìpè ìrun alásàárì gba afẹ́fẹ́ láti mọ́ṣáláṣí. Àlàájà ń wo Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ò wo Àlàájà, èmi ló ń wò. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ bọ́ ọ."

Mo bọ́ ọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúrú, ṣòkòtò mi wọ́ nínú iyanrìn. Mo yí bàtà náà padà. Ọ̀dà ti gbẹ mọ́ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, láàárín wọn sì ni nǹkan kan ti ń dán. Àbẹ̀kẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìdí òòyà rẹ̀ họ ọ́ jáde. Yẹtí Mẹ́kà ni. Ó ti tẹ̀ díẹ̀.

Ìyá Bósè ní, "Háà! Bàtà ló fi jí i!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Àyà mi já, nítorí bí mo bá wà nípò wọn, èmi náà á gbà á gbọ́. Àlàájà ló gbé ọwọ́ sókè.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ, Ìyá Bósè. Èmi ni mo ní kó sún mọ́ mi. Èmi ni mo na ọrùn wo ọ̀dà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ìgbà yẹn ló bọ́ lórí itan mi." Ó dìde, ó di ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ mú. "Ọmọ mi, má bínú sí mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà ọ́ jẹ́."

Mo rò pé ó ti parí. Mo fẹ́ kí ara rọ àwọn ènìyàn, mo bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bá mi rín. Àbẹ̀kẹ́ gbé bàtà náà lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Bùọ̀dá mi, orúkọ mi lẹ ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀."

Kò pariwo. Kò sì fi ṣe èébú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé n kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti ń gbọ́ ohùn yẹtí náà nínú ẹ̀rọ láti agogo mẹ́wàá, ó ń ké sí mi pé wúrà rèé, wúrà rèé, lẹ́sẹ̀ rẹ. Ẹ̀rọ olówó gọbọi náà ò purọ́ fún mi rárá. Etí tí mo fi ń gbọ́ ọ ló jẹ́ ọjà gbàǹjo.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àlàájà kò jókòó sẹ́yìn ilé mọ́. Ó gbé àpótí síwájú ilé, níbi tí gbogbo àdúgbò ń gbà kọjá, ó bọ́ yẹtí méjèèjì, ó kó wọn lé Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ kó bá òun tọ́jú wọn, ó sì gbé orí fún un. Kò sí ẹni tó tún sọ ọ̀rọ̀ olè. Ó ní kí Làmídì fi ayùn rẹ́ àgádágodo yẹn, Làmídì sì rẹ́ ẹ. Kí ọdún tó yí po, ọmọ Àlàájà lóyún. Gbogbo àlàyé tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn pé àgádágodo lásán ni, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ.

Mo ta ẹ̀rọ òyìnbó náà. Mo ní kí n fi owó rẹ̀ ra máṣíìnì ìránṣọ tuntun fún Àbẹ̀kẹ́, ó ní àlòkù ni kí n rà, pé ohun tó bá ṣáà ti ń ránṣọ, ó tó. Àlòkù náà ló fi ń ránṣọ títí di òní. Bí mo bá dé ìsọ̀ rẹ̀, kò tíì kí mi tán tí á fi ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà." Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rò pé nítorí ìmọ́tótó ni. Èmi àti òun á rẹ́rìn-ín, tèmi máa ń pẹ́ kó tó jáde. Màá bẹ̀rẹ̀, màá bọ́ ọ, màá sì yí i padà wò kí n tó wọlé.